Ilẹ̀kùn Tó Ń Ti Ara Rẹ̀

"Ẹ lé ewúrẹ́ yẹn kúrò níbẹ̀," ni bàbá náà wí. Ó ṣí fìlà funfun rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé etí lé ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ wa bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó.

Èmi ni mo lé ewúrẹ́ náà. Èèpo ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ ní tirẹ̀, kò sì fẹ́ lọ. Ní òdìkejì ọ̀nà, obìnrin tó ń gún láfún dá ọmọ odó dúró, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí bàbá yìí bá ń gbọ́ ọkọ̀, ẹni tó bá pariwo yóò gba èébú tí yóò kan àwọn àna rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti pa rédíò rẹ̀, rédíò kan tí kò ní ẹ̀yìn, tí gbogbo wáyà inú rẹ̀ yọ síta bí ìfun adìyẹ. Bàbá mi jókòó sínú ọkọ̀, ó yí gíláàsì sókè bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, òógùn sì ti rin ẹ̀wù rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́."

Bàbá mi tẹ bọ́tìnì kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Gbàm! Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì lẹ́ẹ̀kan náà. "Tún un tẹ̀." Wọ́n ṣí. Báyìí ni bàbá náà ń bẹ̀rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, tó ń dijú, tó ń mirí, títí ó fi yí ọkọ̀ náà po. Nígbà tó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún, ó ní, "Akọ̀wé, ọkọ̀ rẹ ń purọ́ fún mi. Ohun tó ń ṣe nílé kọ́ ló ń ṣe níbí."

Bàbá Rewáyà ni gbogbo Igbó-Ọrà ń pè é. Rewáyà là ń pe àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó dájú pé ó ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí. Lọ́dọ̀ wa, bí iṣẹ́ ẹni bá ti gbayì tán, ó máa ń jẹ orúkọ ẹni run. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi mángòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà Èrúwà. Òórùn mẹ́ta ló máa ń pàdé níbẹ̀: àsíìdì bátìrì, òjé tí wọ́n ń yọ́ sórí iná, àti ẹ̀gẹ́ rírẹ tí àwọn oníláfún sá sójú àpáta. Àlejò á dí imú. Ní tèmi, ó ń tù mí lára.

Ẹnu bàbá náà kò dára, kí n má purọ́ mọ́ òkú. Kò sí ọmọṣẹ́ tó bá a pẹ́ nítorí ẹnu yẹn. Mo gbọ́ ọ tó ń bi onílọ́ọ̀rì kan pé, "Ẹni tó so wáyà yìí fún ọ, ṣé ewúrẹ́ ló rò pé òun ń so ni?" Ó fẹ́ràn ara rẹ̀ púpọ̀. Fìlà funfun yẹn kò gbọdọ̀ kan epo, bí ó bá sì fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pàtàkì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kó tún dé e padà. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan wáyà kankan títí yóò fi bi gbogbo ẹni tó ń sún mọ́ ọkọ̀ náà léèrè. Ta ló ń fọ̀ ọ́? Ta ló ń jókòó síbí? Kí lẹ fi kó gbẹ̀yìn? Àwọn ọmọdé yín ńkọ́? "Wáyà kì í dédé bàjẹ́," ó máa ń wí. "Ọwọ́ ènìyàn á wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ọwọ́ ta ni."

Ọkọ̀ wa yìí, ìtàn ni fúnra rẹ̀. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì ọ̀nà, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni bàbá mi rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń ṣètò àtilọ sílé. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì, àwọn ènìyàn sì ti ń fi òyìnbó náà ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn ló kọ sí ọ̀nà. Nígbà tí òfin yí, ọkọ̀ náà di ẹni ire lọ́sàn-án kan òru kan. Ó gùn, ó sì fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n. Ó ti gbó kó tó kan wá, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ọkọ̀ mìíràn kò ní: iná ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Tẹ bọ́tìnì kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tì. Àwọn ọmọ iléèwé wa máa ń wá láti wò ó, èmi á sì dúró ti ọkọ̀ náà bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ìyá bàbá mi. Ìyá àgbà ni mò ń pè é, orí ẹní rẹ̀ ni mo sì ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú. Bàbá mi kọ́ ni àkọ́bí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí n kò bá láyé. Lọ́ọ̀rì tó wọ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn ló kó sódò. Omi náà kò jìn, àwọn ènìyàn sì tètè dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ṣí. "Ilẹ̀kùn ni kò ṣí." Gbólóhùn yẹn nìkan ni Ìyá àgbà máa ń sọ nípa rẹ̀, bó bá sì ti sọ ọ́ tán, á tún gèlè rẹ̀ wé. Ẹ̀yìn ilé wa ni sàréè ọmọ náà wà. Yàrá Ìyá àgbà kò ní ilẹ̀kùn. Aṣọ ló ta sí ẹnu ọ̀nà, lọ́yẹ́ lọ́jò.

Àwọn ilẹ̀kùn náà ti ń ṣe ségesège díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, nínú ọyẹ́. Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èrúwà, wọ inú ọkọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́. Kò tíì fi kọ́kọ́rọ́ sí i tí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi tì fúnra wọn, gbàm! Ó tẹ bọ́tìnì, wọn kò ṣí. Irin kékeré tí à bá fọwọ́ fà sókè ti kán lára ilẹ̀kùn kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó gbá gíláàsì, ó ṣẹ́wọ́ sí wa. Àkókò kan náà ni Ìyá àgbà ti ẹ̀yìnkùlé yọ, tòun tọṣẹ lọ́wọ́, ó sì rí ọmọ rẹ̀ tó ń gbá gíláàsì láti inú ọkọ̀.

Kò pariwo. Ó kàn jókòó sórí ilẹ̀.

Gíláàsì yẹn le láti yí, ṣùgbọ́n bàbá mi yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gba ojú fèrèsé jáde, ẹsẹ̀ lókè, táì lẹ́yìn ọrùn. Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi gbá wa lórí. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Láti orí ilẹ̀ tó wà, ó ní, "Bí ilẹ̀kùn yìí bá tún tì mọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré sí i, kí ọkọ̀ náà kúrò nílé mi."

"Ìyá mi, báwo ni màá ṣe máa dé Èrúwà lójoojúmọ́?" ni bàbá mi bi í. "Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi nítorí pé mo máa ń pẹ́ dé. Bí ọkọ̀ bá lọ, a ní láti kó lọ síbẹ̀ ni."

"Ẹ máa kó lọ. Èmi ò ní fi ọmọ mi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé."

Mo mọ̀ pé bí a bá kó lọ sí Èrúwà, n kò ní sùn lórí ẹní yẹn mọ́. Mo tún mọ̀ pé òun nìkan ni yóò máa sùn nínú ilé ńlá yẹn, pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo di ìró rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí bàbá mi ṣe gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rewáyà lọ́jọ́ kejì nìyẹn, tí èmi náà tẹ̀ lé e, tí ọkọ̀ sì di ọmọ dáadáa níwájú àlejò. Bàbá Rewáyà yẹ ibi tí wáyà ti gba inú rọ́bà wọ ilẹ̀kùn wò, nítorí ṣíṣí àti títì máa ń já wọn níbẹ̀. Kò sí èyí tó já. Ó fọwọ́ nu imú, ó ní, "Ọjọ́ wo ló máa ń ya wèrè jù?"

Bàbá mi rò ó. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo rò pé ó máa ń ṣe é jù."

"Ó ti di ìmàle nìyẹn," ni oníláfún fèsì láti òdìkejì. "Kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá náà pàápàá. Ó wá ní kí bàbá mi má fi ọkọ̀ náà rìn mọ́, kó gbé e wá fún òun ní àárọ̀ Jímọ̀ tó ń bọ̀ kó tó gbé e dé ibikíbi.

Jímọ̀ náà pé. Iléèwé ti gbàsinmi, èmi ni mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Gbogbo gíláàsì wà nílẹ̀ kí a má bàa há sínú ọkọ̀, àwọn ilẹ̀kùn sì ń tì, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, bí ọkọ̀ ṣe ń kó sí kòtò kan bọ́ sí òmíràn. Inú Bàbá Rewáyà dùn nígbà tó gbọ́ ariwo náà tó ń bọ̀ lókèèrè. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó wí, "lónìí ó ń sọ òtítọ́."

Ó tú awọ tó bo inú ilẹ̀kùn awakọ̀, ó kó ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́ síta, ọwọ́ náà tutù. Ọyẹ́ ni o, ètè wa ti là, kò sí òjò láti ìgbà ìkórè ẹ̀gúsí, síbẹ̀ omi wà nínú ilẹ̀kùn. Ibi tí wáyà ti so mọ́ra nínú lọ́hùn-ún ti hu ohun kan tó dà bí èéhù, àwọ̀ ewé. Bàbá náà ní gílóòbù kékeré kan tó so mọ́ wáyà méjì, òun ló fi máa ń wá iná. Ó fi kan wáyà tó ń gbé iná lọ láti ti ilẹ̀kùn, láìsí ẹni tó tẹ bọ́tìnì. Gílóòbù náà mú iná fẹ́ẹ́rẹ́.

"Ìyàwó mi, wá wò ó," ó pè mí, nítorí ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò. "Wáyà yìí ló ń mú iná bọ̀. Èyí ló ń sọ fún ilẹ̀kùn pé kó tì. Ọ̀nà kankan kò sí láàárín wọn, àfi bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n omi ti wá ṣe afárá fún iná, iná sì ń sọdá."

Ó yọ bátìrì kúrò, ó tún kó ọwọ́ bọ ilẹ̀kùn, ó fi ìka kan èéhù yẹn, ó sì fi ìka náà kan ahọ́n. Ó tutọ́ sílẹ̀. Ó wo bàbá mi.

"Akọ̀wé, ta ló ń se ọbẹ̀ nínú ilẹ̀kùn rẹ?"

"Ọbẹ̀ báwo?"

"Iyọ̀ ni."

Bàbá mi ní bóyá ìrì ọyẹ́ ni. Bàbá náà ní ìrì kì í ní iyọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ òfin rẹ̀. Ta ló ń fọ ọkọ̀ náà? Bàbá mi ní òun ni. Ṣé ó ń fi iyọ̀ fọ̀ ọ́? Rárá. Ṣé wọ́n fi kó ẹja, tàbí ìrù? Rárá. Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, ìwọ ńkọ́? Ta ni o rí tó ń sún mọ́ ọkọ̀ yìí?"

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, nítorí ohun tí mo fẹ́ràn jù láàárín ọ̀sẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Mògàríbí tán, Ìyá àgbà á bu omi hàntú tí àlùfáà wa fọ̀ kúrò lára wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ Kùránì sí, fún un, omi tó gbé ọ̀rọ̀ Kùránì, tó dúdú díẹ̀ nítorí tàdáà tí wọ́n fi kọ ọ́. Á fi oyin kán an. Á sì bu iyọ̀ sí i, ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀, kí ọ̀nà lè dùn fún ọmọ rẹ̀. Èmi ni màá gbé abọ́ náà tẹ̀ lé e. Bó bá dé ìdí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, á ṣe bìsímílà, á sì rọra dà á sí ojú ibi tí gíláàsì ti ń wọ inú ilẹ̀kùn, kó lè dé inú lọ́hùn-ún. "Bó ṣe wọlé, kó jáde," ni á wí. "Bó ṣe wọlé, kó jáde." Ilẹ̀kùn awakọ̀ ló máa ń gbà jù. Láti ìgbà tí àwọn ilẹ̀kùn sì ti ń ṣe ségesège ló ti ń fi iyọ̀ kún iyọ̀.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ ni mo rí i pé ojú bàbá mi ń yí padà. Ó dìde. "Ìyá mi! Ìyá mi ló ń ba ọkọ̀ jẹ́, tí wọ́n sì ní kí n gbé e kúrò nílé. Mò ń lọ sílé báyìí. Màá sọ fún wọn."

"Jókòó," ni Bàbá Rewáyà wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo ní kó o jókòó." Kò gbóhùn sókè, èyí ló sì jẹ́ kó bà wá lẹ́rù. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì, ó nù ún, ó mú fìlà lára ìṣó, ó dé e. "Kí lo fẹ́ sọ fún wọn? Pé ilẹ̀kùn tó pa ọmọ àkọ́kọ́ fún wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n tún ń tì í mọ́ èkejì?"

Bàbá mi jókòó.

"Kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá lóòrùn. Omi lo fẹ́ kó jáde. Ìyá kọ́." Ó wò mí. "Ìyàwó mi, ohun tó o rí níbí, ibí ni kó wà." Mo mi orí. N kò tíì mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé abọ́ tí mò ń gbé ló ń kó wa lọ sí Èrúwà.

Odidi ọjọ́ náà ló fi ṣiṣẹ́. Ó fi abẹ ha wáyà kọ̀ọ̀kan títí bàbà inú rẹ̀ fi pọ́n, ó fi òjé yíyọ́ so wọ́n padà, ó gé túúbù kẹ̀kẹ́ wọ̀ wọ́n, ó sì kán àbẹ́là sí ẹnu ibi tí omi lè gbà. Ó gbé wọn kúrò lábẹ́ ojú gíláàsì, ó mú wọn gba ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kírun Jímọ̀ dé, ó bu omi kún búùtà tó fi ṣe àlùwàlá, ó ní kí n dà á sí ojú gíláàsì bí Ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe gan-an. Mo dà á. Omi gba ìsàlẹ̀ jáde, ó ń kán tó, tó, sínú eruku. Bàbá mi tẹ bọ́tìnì. Àwọn ilẹ̀kùn gbọ́ràn.

Mo rò pé ó ti parí, ṣùgbọ́n ó lọ fa awọ bàtà kan yọ láti inú àpótí, ó gé e sí ọ̀já mẹ́rin, ó sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ irin tó ń ṣí ilẹ̀kùn nínú lọ́hùn-ún, ó fa ẹnu rẹ̀ jáde síbi tọ́wọ́ ẹni tó jókòó lè tó. Bàbá mi bi í pé kí ni ìyẹn wà fún, ṣebí iná ti dára. "Ti Ìyá nìyẹn," ó dáhùn. Ó ní kí n lọ pè wọ́n wá.

Ìyá àgbà kò wọ inú ọkọ̀ náà rí. Ó tẹ̀ lé mi wá, ó dúró lókèèrè, ó so apá mọ́ra. Bàbá Rewáyà ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ iṣẹ́ mi wò ni."

"Èmi tí n kò mọ ọkọ̀?"

"Ẹ mọ ilẹ̀kùn."

Ìyá àgbà wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí ìjókòó awakọ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan. Bàbá Rewáyà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, ó sì ní kí bàbá mi yọ bátìrì kúrò pátápátá, kí gbogbo iná inú ọkọ̀ kú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn láti ìta.

"Ìyá, iná ti kú. Ẹ wo ọ̀já awọ tó wà lápá òsì yín. Ẹ fà á."

Ó fà á. Ilẹ̀kùn ṣí.

Kò jáde. Òun fúnra rẹ̀ fa ilẹ̀kùn náà padà, ó ní kí bàbá náà tún fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó tún fà á, ó ṣí. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra, títí oníláfún fi sọ odó sílẹ̀ tó wá wò ó. Bàbá Rewáyà, tí kì í ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni, ń tì í fún un ní gbogbo ìgbà tó bá ní kó tì í.

"Ṣé ẹ lè fi irú èyí sínú lọ́ọ̀rì?" ni Ìyá àgbà bi í níkẹyìn.

"Mo lè fi sí i, Ìyá."

"Ẹ máa fi sí i fún wọn. Gbogbo èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ yín."

"Màá máa fi sí i."

Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ ló rí omi tó ń kán láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ihò náà. Bàbá Rewáyà tètè sọ pé, "Ọkọ̀ tó bá ti gbó báyìí, òjò máa ń wọ inú ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo wá ọ̀nà fún omi ni." Ìyá àgbà gbójú sókè wo ojú ọ̀run, tó ti gbẹ, tó ti funfun fún ọyẹ́. Ó wo èmi náà. Mo yíjú sí ewúrẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó wí. Ó mú mi lọ́wọ́, a sì rìn lọ sílé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé abọ́ tẹ̀ lé e bí ìṣe wa. Kò dúró nídìí ilẹ̀kùn. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú táyà, ó da omi náà sí ìdí rẹ̀ lórí ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé ilẹ̀kùn ńkọ́. Ó ní, "Táyà ló ń rìn." N kò tún bi í mọ́. Kò da omi kankan sí ilẹ̀kùn mọ́ títí bàbá mi fi ta ọkọ̀ náà, a kò sì kó lọ sí Èrúwà. Bí onílọ́ọ̀rì bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Rewáyà nítorí iná iwájú lásán, á fi ọ̀já awọ sí ilẹ̀kùn rẹ̀ láì béèrè, á sì bú u bó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, èyíkéyìí tí mo bá wọ̀ nínú lọ́ọ̀rì Ìbàràpá, bí mo bá fọwọ́ wá a, mo máa ń rí awọ yẹn.

Mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí Bàbá Rewáyà kú. Ìsinmi ni mo wá ṣe nílé. Èmi àti Ìyá àgbà jókòó, à ń bó ẹ̀gúsí, nígbà tí wọ́n wá túfọ̀. Ìyá àgbà ní, "Bàbá yẹn fi aṣọ bò mí."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ìyá àgbà, ẹ mọ̀?"

"Èmi ni mò ń bu iyọ̀ sí i. Ta ni ì bá mọ̀ bí kì í bá ṣe èmi?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo rí i tómi ń kán lọ́yẹ́." Ó tún gèlè wé. "Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. O ti sùn."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí wọ́n jọ ń kí ara wọn lọ́nà mọ́sáláṣí. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ìwé ti ń kó iyè rẹ̀ lọ.

"Bí mo bá dúpẹ́, mo ti ṣí aṣọ náà nìyẹn."

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo ti rí ìyá tó jẹ́ pé ìfẹ́ tó fi tọ́jú ọmọ ló ṣe ọmọ náà ní jàǹbá, tó bi mí tomijé-tomijé pé kí ló fà á. Àwọn kan wà tí mo sọ ohun gbogbo fún, nítorí ó pọn dandan. Àwọn kan wà tí mo kọ́ ní ohun tí wọn yóò ṣe láti ọ̀la lọ, tí n kò sì dárúkọ àná, ọ̀gá mi kan sì bínú sí mi gidigidi nítorí rẹ̀. Bóyá òun ló tọ̀nà nígbà mìíràn, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀. Wọ́n á pàdé mi lọ́jà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọ á ti dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á kí mi, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, wọn kò sì ní dúpẹ́. Inú mi máa ń dùn délé.